Ẹjọ́ Mlonda àti Mlembi Nínú Kọ̀ǹpútà Bwana

Kí n tó sọ ohunkóhun nípa Bwana Fatsani Mkwezalamba, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí wọn. Mo kí yín, Bwana, ọ̀gá wa. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú wàhálà èémí tí ẹ̀ ń mí fún wa. Ó ti tó. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jókòó. Ìwọ tí o bá sì jẹ́ ẹyọ kan, jókòó síbi tó bá ṣẹ́kù.

Bwana yìí ni olórí Boma Kalindima, ìyẹn ilé ìjọba tó ń ṣàkóso àgbègbè náà láti etí adágún dé ẹsẹ̀ òkè. Fatsani tí bàbá wọn sọ wọ́n, "ẹ rọra" ló túmọ̀ sí. Ọmọ ni bàbá ń bá wí. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni Bwana ti gbà pé gbogbo ayé yòókù ni orúkọ náà ń bá wí, pé bí àwọn bá ti ń bọ̀, kí èèyàn rọra.

Àwọn Chewa, ẹ̀yà tó ń gbé àgbègbè náà, kì í pe àgbà ní ẹyọ kan, bí àwa náà kì í ti í ṣe é. Àgbà, "wọn" ni. Bwana wá mú àṣà yìí, wọ́n nà án títí ó fi fẹ́ já. Wọn kì í sọ pé "mo". "Àwa" ni wọ́n ń sọ. "Àwa kò tíì jẹun," ni wọ́n wí lọ́jọ́ tí ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìdáná lọ́dọ̀ wọn. Ọkùnrin náà gbé àwo òkèlè nsima méjì wá pẹ̀lú ẹja chambo méjì, ó sì ń wojú ọ̀nà bóyá ẹnì kejì ń bọ̀. Bwana wo àwo méjèèjì. Wọn ò fẹ́ kí gírámà dójú ti ìjọba. Wọ́n jẹ méjèèjì. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń jẹ méjì, láti ọjọ́ náà sì ni ikùn wọn pàápàá ti di "wọn".

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí Bwana ń wá láyé, Lilongwe, olú ìlú wọn, ni. Ipò ọ̀gá àgbà kan ṣófo níbẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà nídìí ipò náà, mọ́tò dúdú wà nídìí rẹ̀, àga tó ń yí po wà nídìí rẹ̀. Mínísítà obìnrin kan, Mayi Dorika Nkhonjera, ló máa yan ẹni tó máa jókòó lórí àga ọ̀hún. Mínísítà sì ti ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá sí Kalindima lọ́jọ́ Ẹtì, láti wá fi ojú ara àwọn rí bí kọ̀ǹpútà Boma ṣe ń tẹ ìwé ọjọ́ ìbí fún ọmọ tuntun. Bó bá wù wọ́n, Bwana ti di ará Lilongwe nìyẹn.

Kọ̀ǹpútà náà ti wà nílẹ̀ láti ìgbà òjò. Tionge Nyirongo ló ń bójú tó o, obìnrin kan tó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní Mzuzu, tó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń fèsì láti ilé. Lọ́jọ́ tó tú u kúrò nínú páálí, ó sọ fún Bwana pé Windows ló wà nínú rẹ̀. Bwana bi í pé kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó ní fèrèsé ni. Bwana ní fèrèsé wo ló ń wà ní ọ́fíìsì èèyàn ńlá láìní kọ́tìnnì. Wọ́n rán kọ́tìnnì aláwọ̀ ewéko sí ojú kọ̀ǹpútà náà. Láràárọ̀, Bambo Laston Mtenje, igbákejì Bwana, á kúnlẹ̀, á fa kọ́tìnnì náà sí apá kan, gbogbo ọ́fíìsì á sì pàtẹ́wọ́ jẹ́jẹ́.

Mlembi ni ètò tí Lilongwe kọ sínú rẹ̀ láti máa fi tẹ ìwé ọjọ́ ìbí. "Akọ̀wé" ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Mlembi kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó yára. Àléébù kan ṣoṣo ló ní. Bí wọ́n bá ti tan án, ìbéèrè kan ló kọ́kọ́ ń kọ sójú kọ̀ǹpútà:

"Ìwọ, ta ni ọ́?"

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Bwana wo ẹ̀yìn wọn, bóyá ọmọdé kan ló dúró síbẹ̀.

"Tionge, ta ni nǹkan yìí ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin ni, Bwana. Ẹ̀yin lẹ ní ká fi orúkọ yín sílẹ̀ bí alákòóso."

"Àwa ló ń pè ní ìwọ?"

"Bóyá ẹni tó kọ ọ́ ń kánjú ni, Bwana."

Bwana jókòó, wọ́n tẹ gbogbo oyè wọn síbẹ̀, láti orí ìwé ẹ̀rí dé orí àmì ẹ̀yẹ ẹgbẹ́ akọrin. Mlembi dáhùn pé, "Mi ò mọ̀ ọ́." Fatsani nìkan ni orúkọ tí Lilongwe kọ sílẹ̀ fún wọn, Fatsani nìkan ni Mlembi sì máa gbà.

Báyìí ni wọ́n ṣe dá ààtò kan sílẹ̀ ní Kalindima. Láràárọ̀, bí ìbéèrè náà bá ti yọjú, gbogbo òṣìṣẹ́ á kọjú sí ògiri, Bwana á fi áńkáṣíìfù bojú, Tionge nìkan ló máa tẹ Fatsani. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ìgbà tí àgbàlagbà ń wẹ̀. Bó bá parí, á wúkọ́, gbogbo wọn á sì yíjú padà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ mọ Laston dáadáa, nítorí òun ló máa ba nǹkan jẹ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń ṣe ní Boma ni "Bẹ́ẹ̀ ni, Bwana." Ó ń sọ ọ́ lórí ìkúnlẹ̀, nígbà mìíràn sì rèé, á ti sọ ọ́ kí ìbéèrè tó dé. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, nígbà tí àlùfáà bi í bóyá ó gbà láti fẹ́ ìyàwó rẹ̀, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bwana" ló fi dá a lóhùn. Ìyàwó náà ṣì ń bínú.

Laston yìí ló mú Mlonda wá. Àna rẹ̀ kan ló ń tà á. "Ọlọ́dẹ" ni Mlonda túmọ̀ sí, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa ṣọ́ kọ̀ǹpútà kí olè àti àrùn má baà wọ inú rẹ̀. Mlonda ní ohùn. Ohùn ọkùnrin kan tó dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lá oyin tán ni. Bí wọ́n ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ó béèrè pé, "Orúkọ wo ni kí a máa fi pọ́n yín lé?" Omi fẹ́ẹ̀ jáde lójú Bwana. Wọ́n tẹ orúkọ náà fúnra wọn, wọ́n sì yan ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ kan tí ẹlòmíràn ò mọ̀. Mlonda ní, "Ẹ káàárọ̀, Bwana, Olórí Kalindima Láti Adágún Dé Òkè. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà yín."

Bwana ní kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà náà, kí wọ́n tún un tàn. Mlonda tún kí wọn. Wọ́n ní kí wọ́n pa á. Títí oòrùn fi wọ̀ ni wọ́n ń pa á, tí wọ́n ń tàn án, tí àwọn ìyálọ́mọ sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń dúró de ìwé.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí Tionge ṣí Mlembi láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ohùn oyin náà sọ̀rọ̀.

"Bwana, mo ti mú ọ̀daràn kan. Mlembi lorúkọ rẹ̀. Mo ti tì í mọ́lé."

Mlembi pòórá lójú kọ̀ǹpútà. Inú Bwana dùn débi pé wọ́n dìde dúró. Wọ́n ní ẹ wo ẹni tó gbọ́n, kò sẹ́ni tó fẹjọ́ sùn ún, òun fúnra rẹ̀ ló mọ ẹni tó ń bú àwọn.

Tionge ṣàlàyé. Ó ní Mlonda ò gbọ́n, kò sì mọ ẹnikẹ́ni. Ó rí Mlembi tó ń ṣí àpótí, tó ń kọ nǹkan sílẹ̀, ló bá pè é lólè. Ó ní bí òun bá tún Mlembi gbé wọlé nígbà ọgọ́rùn-ún, Mlonda á mú un nígbà ọgọ́rùn-ún. Ohun méjì ló lè tún un ṣe. Kí Bwana fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ wọn sọ fún Mlonda pé ọmọ ilé ni Mlembi, tàbí kí wọ́n yọ Mlonda kúrò pátápátá.

"Kí àwa fúnra wa wá bẹ ọlọ́dẹ pé kó tú ẹni tó bú wa sílẹ̀?" ni Bwana béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bwana," ni Laston wí.

Bwana yíjú wò ó.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bwana, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni," ni Laston tún un ṣe.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, obìnrin kan láti etí adágún, Mayi Nagama, ń jó kiri pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Láti ọjọ́ Ajé ló ti wà níbẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ Tionge bóyá wọ́n ti rí akọ̀wé náà. Tionge ní ó wà látìmọ́lé. Mayi Nagama ní kí ló ṣe. Tionge ní ó béèrè orúkọ èèyàn ni. Mayi Nagama yọjú wọ inú ọ́fíìsì wò, ó ní bí wọ́n bá ń ti èèyàn mọ́lé nítorí ìyẹn, kí wọ́n wá mú gbogbo abúlé òun.

Ọjọ́ Ẹtì ń súnmọ́. Bwana ronú, wọ́n jẹ àwo méjì, wọ́n tún ronú. Ohun tí wọ́n wá gbé jáde nìyí: ìjà Mlonda àti Mlembi kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà rárá. Ìjà tọkọtaya ni. Ẹni méjì tí wọ́n kó sínú ilé kan láìní ankhoswe, báwo ni wọn ò ṣe ní jà? Nílẹ̀ Chewa, kò sí ìgbéyàwó tí kò ní ankhoswe, àwọn èèyàn tó ń dúró fún ìdílé ọkọ àti ìdílé aya, tí wọ́n sì máa ń parí ìjà. Nítorí náà, Bwana pe ìpàdé ẹbí.

Ẹ bá mi wò ó bí mo ṣe rí i. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà sórí ẹní. Laston jókòó lápá ọ̀tún gẹ́gẹ́ bí ankhoswe Mlonda, ó gbé àkùkọ kan dání. Lápá òsì, kò sẹ́ni tó fẹ́ bá Mlembi dúró, àfi Mayi Nagama tó ní òun á ṣe é. Wọ́n wá abo adìyẹ kan gbé fún un, nítorí adìyẹ ni ìdílé méjèèjì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó lè múlẹ̀.

Laston sọ̀rọ̀ gígùn. Ó ní Mlonda ọmọ àwọn, ọmọ gidi ni, ó ń kí èèyàn, kì í sùn, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n kó tì í kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Bwana ń mi orí. Wọ́n ní kí ìdílé kejì fèsì.

"Àna mi," ni Mayi Nagama wí fún Laston, "ọmọ tiwa ò dùn lẹ́nu, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ ní ó ń béèrè ta ni wọ́n. Wọ́n ò sì dá a lóhùn títí di òní. Ọmọ yín tó ń kí wọn láràárọ̀ ńkọ́? Ṣé ó ti tẹ ìwé kankan?"

Bwana pàṣẹ pé ó tó. Bwana dìde, wọ́n ṣe ìdájọ́. Ní orúkọ àwa tí a jẹ́ àwa, wọ́n ní kí Mlonda àti Mlembi máa gbé pọ̀ ní ìrẹ́pọ̀. Adìyẹ gba ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Gbogbo ọ́fíìsì pàtẹ́wọ́ jẹ́jẹ́. Tionge tún gbé Mlembi wọlé.

"Bwana, mo ti mú ọ̀daràn kan," ni Mlonda wí.

Àkùkọ náà fò sókè nítorí ohùn yẹn, ó bà sórí kọ́tìnnì, ó fà á já, ó sì ṣu sórí pátákó tí wọ́n ń tẹ̀. Bwana ní ẹ̀bi adìyẹ ni, pé wọn ò tíì gbó tó. Wọ́n ní kí wọ́n lọ sè wọ́n. Wọ́n jẹ ọ̀kan fún ara wọn, wọ́n sì jẹ èkejì fún "àwa".

Tionge béèrè pé kí ni kí òun wá ṣe lọ́jọ́ Ẹtì. Bwana ní kó tún gbé Mlembi wọlé lójú Mínísítà. Wọ́n ní kò sí tọkọtaya tó ń jà lójú àlejò. Tionge ní ó kéré tán kí àwọn pa ohùn Mlonda. Bwana kọ̀. Wọ́n fẹ́ kí Mínísítà gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pọ́n wọn lé ní Kalindima.

Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti lọ jẹun, Bwana nìkan ló kù lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má bínú sí wọn. Wọ́n kàn fẹ́ gbọ́ bó ṣe máa rí létí ni. Wọ́n pa orúkọ ìpọ́nlé wọn rẹ́, wọ́n tẹ òmíràn. "Ẹ káàsán, Mínísítà wa tuntun, Bwana Fatsani Mkwezalamba," ni Mlonda wí. Ara Bwana rọ̀ wọ̀ọ̀. Lilongwe kì í ṣe òpin ọ̀nà, àbí? Lẹ́yìn àga tó ń yí po, àga mìíràn ṣì wà. Wọ́n ní kó tún un sọ. Wọ́n ní àwọn á dá a padà láàárọ̀.

Láàárọ̀, ìlù wà ní ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń kọrin, táì wọn ò bára wọn mu, mọ́tò Mínísítà sì tètè dé. Bwana gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ Bwana gùn ju òpópónà Kalindima lọ. "Àwa," ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, "tí a ti jẹ́ àwa tẹ́lẹ̀, tí a jẹ́ àwa lónìí, tí a sì tún máa jẹ́ àwa ní ibikíbi tí ẹ bá gbé wa lọ." Ewúrẹ́ kan gba àárín èrò kọjá, ó jẹ òdòdó àlejò, kò sẹ́ni tó lé e. Mayi Dorika Nkhonjera ń fi fìlà ọlọ́pàá wọn fẹ́ ara. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ gbọ́ mọ́, pé ìwé ọjọ́ ìbí làwọn wá wò.

Wọ́n wọlé. Laston kúnlẹ̀, ó fa kọ́tìnnì tí wọ́n ti rán padà. Tionge tan kọ̀ǹpútà.

"Ẹ káàárọ̀, Mínísítà wa tuntun, Bwana Fatsani Mkwezalamba. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà yín."

Mínísítà tó wà nílẹ̀ yíjú. Bwana sáré sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní ẹ̀rọ ni, kò mọ nǹkan, wọ́n sì ń fi ọwọ́ bo ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni pé ojú ni ohùn ti ń jáde. Láàárín ìyẹn, ọkùnrin tó ń tẹ̀lé Mínísítà ti ki fìláàṣì kan bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ tí Mínísítà fẹ́ bá àwọn ìyálọ́mọ sọ ló wà nínú rẹ̀, orúkọ Mínísítà ni wọ́n sì fi pe fáìlì náà. Mlonda kò rí i rí. Ó ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe.

"Mínísítà wa tuntun, mo ti mú ọ̀daràn kan. Mayi Dorika Nkhonjera lorúkọ rẹ̀. Mo ti tì í mọ́lé. Ṣé kí n pa á rẹ́?"

Ìbéèrè ni Mlonda béèrè, ọkùnrin kan sì wà nínú ilé náà tí kì í jẹ́ kí ìbéèrè kọjá lásán.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bwana," ni Laston wí.

Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀rín Mayi Nagama wọlé. Kò gbìyànjú láti fi ọwọ́ bò ó.

Mínísítà yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n fi padà. Wọ́n wo Bwana láti bàtà dé orí.

"Ìwọ," ni wọ́n wí, "ta ni ọ́?"

Bwana ya ẹnu. Gbogbo oyè wọn tò sẹ́nu ọ̀nà ọ̀fun, kò sí èyí tó fẹ́ kọ́kọ́ jáde.

"Fatsani, Mayi," ni wọ́n wí.

Láti ibí yìí lọ, ẹ̀yin òǹkàwé, èmi náà á máa pè é ní "ó". Ó ti sú ọwọ́ mi.

Mínísítà béèrè lọ́wọ́ Tionge ohun tó dé tí àwọn ìyálọ́mọ fi kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tionge sọ ọ́ ní ṣókí, kò fi adìyẹ pamọ́. Mínísítà ní kí wọ́n yọ olóhùn oyin yẹn kúrò lójú àwọn. Mlonda béèrè ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀. Fatsani tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kó pè é jáde kí Tionge tẹ̀ ẹ́. Ó pè é, wọn ò gbọ́. Ó tún un pè.

"Lilongwe," ló wí.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

"Ẹ̀yin nìkan ni mo ń ṣọ́," ni Mlonda wí, ó sì lọ. Tionge gbé Mlembi wọlé. Kò sẹ́ni tó mú un. Ìbéèrè rẹ̀ yọjú bíi ti tẹ́lẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ sì kọjú sí ògiri kí wọ́n tó rántí pé àlejò wà nílé. Mínísítà ní kí wọ́n yíjú padà, wọ́n sì na ọwọ́ sí àga fún Fatsani. Ó jókòó. Ó fi ìka kan tẹ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, lójú gbogbo èèyàn.

"O káàbọ̀, Fatsani," ni Mlembi kọ. Àṣé ó mọ̀ ọ́n kí èèyàn láti ìgbà yìí wá. Láràárọ̀ ló ti ń kí i, lójú Tionge nìkan, nígbà tí Fatsani fi áńkáṣíìfù bojú.

Ìwé ọmọ Mayi Nagama ló kọ́kọ́ jáde. Ó gbé e sókè, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó gbẹ, ó sì tẹríba fún kọ̀ǹpútà náà. "O ṣé, ọmọ wa," ló wí, "ó kù kí á wá ọkọ gidi fún ọ."

Mínísítà bi Laston bóyá á fẹ́ lọ máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà Boma láti ọjọ́ Ajé. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bwana," ló fi dáhùn, ó sì di mlonda gidi, ó ń kí ẹni tó ń wọlé, ó ń kí ẹni tó ń jáde, ó sì máa ń kí ewúrẹ́ bí ilẹ̀ bá ṣú díẹ̀. Ẹlòmíràn ló jókòó lórí àga tó ń yí po ní Lilongwe. Fatsani, wọ́n gbé e lọ sí erékùṣù Chilambwe láàárín adágún, láti lọ jẹ́ olórí ọ́fíìsì kan tí kò ní òṣìṣẹ́ mìíràn, níbi tí iná mànàmáná kò dé. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé pẹ̀lú báàgì kan àti kọ́tìnnì aláwọ̀ ewéko.

Ìyá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tó ń dáná fún olórí. Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, ó yọjú sẹ́nu ọ̀nà, ó ní àlejò kú ọ̀nà.

"Àwa kò tíì jẹun," ni Fatsani wí.

Ìyá náà wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo yàrá, ó wo etí omi níbi tí ọkọ̀ ti ń padà lọ.

"Ẹ̀yin mélòó ni?" ló béèrè.

Fatsani náà wo ẹ̀yìn. Atẹ́gùn adágún ń mi kọ́tìnnì.

"Èmi nìkan ni, Mayi," ló wí.

Ìyá náà gbé àwo kan wá. Ó jẹ ẹ́, ó sì yó.